Ẹ̀kọ́ Ẹ̀sìn ní Ilé-Ẹ̀kọ́ Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀: Àmánà Tí Ń Bẹ Lọ́rùn Wa

Kútúbà Kìíní

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí Ó dá ènìyàn, tí Ó sì fi ìmọ̀ dá a lọ́lá. A dúpẹ́ lọ́wọ́ Rẹ̀, a ń wá ìrànlọ́wọ́ Rẹ̀, a sì ń tọrọ àforíjìn Rẹ̀. A sá di Ọlọ́hun kúrò níbi aburú ẹ̀mí wa àti kúrò níbi iṣẹ́ ọwọ́ wa tí kò dára. A jẹ́rìí pé kò sí ẹni tí ìjọsìn tọ́ sí ní òdodo àyàfi Ọlọ́hun nìkan ṣoṣo, tí kò ní orogún; a sì jẹ́rìí pé Ànábì Muhammad, ẹrú Ọlọ́hun ni, òjíṣẹ́ Rẹ̀ sì ni. Kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, àti àwọn ará ilé rẹ̀, àti àwọn sàhábà rẹ̀, àti gbogbo ẹni tí ó bá tọ ipasẹ̀ wọn pẹ̀lú dáadáa títí di ọjọ́ ẹ̀san.

Lẹ́yìn náà, ẹ̀yin ẹrúsìn Ọlọ́hun, a ń sọ àsọọ́lẹ̀ fún ara wa àti fún yín pé kí a páyà Ọlọ́hun ní ìkọ̀kọ̀ àti ní gbangba. Ìpáyà Ọlọ́hun ni èsè tí ó dára jù lọ fún arìnrìn-àjò tí kò ní padà sẹ́yìn mọ́.

Ẹ̀yin onígbàgbọ́ òdodo, ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá ara wa sọ lónìí kò jìnnà sí ẹnu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí yìí. Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wa tí wọ́n ń lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni, àti ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn Islam tí ó yẹ kí wọ́n máa gbà níbẹ̀. Bí ọmọ bá ti ilé-ẹ̀kọ́ dé, a máa ń bi í léèrè iye tí ó gbà nínú ìṣírò àti nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ta ni nínú wa ni ó bi ọmọ rẹ̀ léèrè ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá pé, kí ni olùkọ́ kọ́ ọ nípa Ọlọ́hun? Ta ni nínú wa ni ó tilẹ̀ mọ̀ bóyá olùkọ́ kankan wà tí ó ń kọ́ ọ?

Ní táàmù tí ó kọjá, àwa mẹ́ta nínú ìgbìmọ̀ mọ́ṣáláṣí yìí lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba kan tí púpọ̀ nínú àwọn ọmọ wa ń lọ. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ náà gbà wá tọwọ́tẹsẹ̀. Ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn Islam wà nínú àtẹ àkókò ẹ̀kọ́ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara ògiri: ogójì ìṣẹ́jú, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Nígbà tí agogo dún, àwọn ọmọ Kìrìsìtẹ́nì wọlé tọ olùkọ́ wọn lọ. Àwọn ọmọ tiwa jáde sí abẹ́ igi máńgòrò. Olùkọ́ tí ó máa ń kọ́ wọn ti fẹ̀yìntì, wọn kò sì tíì rán ẹlòmíràn wá. Àwọn kan ń gbá bọ́ọ̀lù, àwọn kan ń gbálẹ̀, àwọn díẹ̀ sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, wọ́n ń bá àwọn tí ó wà nínú kíláàsì kọrin.

A pe àwọn ọmọ kíláàsì kẹrin jọ. A ní kí wọ́n ka àwọn òpó ẹ̀sìn Islam. Wọ́n kà wọ́n ní àkàpọ̀, wọn kò ṣi ọ̀kan, inú wa sì dùn. A wá ní kí ọmọkùnrin kan ṣe àlùwàlá kí a rí i. A bu omi fún un. Ẹsẹ̀ ni ó kọ́kọ́ fọ̀, lẹ́yìn náà ó fọ ojú, ó sì dúró, ó ń wo ojú wa láti mọ̀ bóyá ó kù. A bi ọmọbìnrin kan léèrè bóyá ó kírun àsùbá ní ọjọ́ náà. Ó dá wa lóhùn pé òun kò kírun, nítorí pé nígbà tí òun jí, bàbá òun ṣì ń sùn.

Ẹ̀yin ará wa, ẹ má ṣe jẹ́ kí a máa wá ẹni tí bàbá náà í ṣe. Àwa ni. Ọmọ tí ó mọ òpó ẹ̀sìn lórí ahọ́n, tí kò mọ̀ ọ́n ní ọwọ́ àti ní ẹsẹ̀, ọmọ wa ni. Ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn kò dàbí kí a mọ orúkọ àwọn odò ilẹ̀ òkèèrè, tí ènìyàn lè mọ̀ kí ó má sì dé ibẹ̀ títí ayé. Bí ọmọ bá mọ orúkọ ìrun tí kò mọ ìrun í kí, a kò tíì kọ́ ọ ní ìrun.

Kì í ṣe báyìí ni àwọn tí ó ṣáájú wa fi ọ̀rọ̀ yìí lé wa lọ́wọ́. Ní ìgbà ayé àwọn baba ńlá wa, ọwọ́ àwọn ìjọ Kìrìsìtẹ́nì ni ọ̀pọ̀ jù lọ ilé-ẹ̀kọ́ ilẹ̀ yìí wà. Ẹ̀rù ń ba òbí tí ó jẹ́ Mùsùlùmí pé ọmọ òun yóò wọlé pẹ̀lú ẹ̀sìn kan, yóò sì jáde pẹ̀lú òmíràn. Ọ̀pọ̀ sì dá ọmọ wọn dúró sílé. Ìmọ̀ ìwé wá fo àwọn Mùsùlùmí kọjá. Ní ọdún 1894, nígbà tí wọ́n ṣí mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey ní ìlú Èkó, Abdullah Quilliam, Mùsùlùmí ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ó wá ṣojú fún ọba ilẹ̀ Tọ́kì. Ó gba àwọn Mùsùlùmí Èkó níyànjú pé kí wọ́n má ṣe kọ ẹ̀yìn sí ìmọ̀ ìwé. Ní ọdún 1896, ìjọba ṣí ilé-ẹ̀kọ́ kan fún àwọn ọmọ Mùsùlùmí ní ìlú Èkó, níbi tí ọmọ ti lè kọ́ ìwé kíkà láìfi ẹ̀sìn rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

Ní ọdún 1923, àwọn ọ̀dọ́ Mùsùlùmí kan ní ìlú Èkó dá ẹgbẹ́ Ansar-Ud-Deen sílẹ̀. Wọn kò jókòó kí wọ́n máa bú ilé-ẹ̀kọ́ ẹlòmíràn. Wọ́n dáwó jọ, wọ́n sì kọ́ tiwọn. Àwọn ẹgbẹ́ mìíràn tẹ̀lé wọn, bí ẹgbẹ́ Nawair-ud-Deen tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ìlú Abẹ́òkúta. Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ọdún 1955, àwọn ọmọ wa wọ ilé-ẹ̀kọ́ lọ́pọ̀ yanturu. Ní àwọn ọdún 1970, ìjọba gba ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ àwọn ẹlẹ́sìn. Bẹ́ẹ̀ náà ni abala 38 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 sọ pé a kò gbọdọ̀ fi dandan mú akẹ́kọ̀ọ́ kankan láti gba ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn tí kì í ṣe tirẹ̀, tàbí èyí tí òbí rẹ̀ kò fọwọ́ sí.

Ẹ wò ó, ẹ̀yin ẹrúsìn Ọlọ́hun. Àwọn tí ó ṣáájú wa kò ní ilé-ẹ̀kọ́, wọ́n sì kọ́ ọ. Àwa ní ilé-ẹ̀kọ́, a ní òfin, a ní àyè nínú àtẹ àkókò. Ilẹ̀kùn ti ṣí sílẹ̀. Ẹni tí yóò wọlé kọ́ àwọn ọmọ ni kò sí. Àwọn àgbà sọ pé ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Ilé tí àwọn baba wa kọ́ pẹ̀lú owó ẹja, owó aṣọ àti owó kòkó, a kò gbọdọ̀ tọ́ ẹni tí yóò tà á.

Ẹ jẹ́ kí a wo ọjọ́ orí tí ọmọ fi ń wà ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ànábì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, ní kí a máa pa ọmọ láṣẹ ìrun kíkí bí ó bá ti pé ọmọ ọdún 7. Ọ̀rọ̀ nínà kò sì wọ̀ ọ́ títí ọmọ náà yóò fi pé ọdún 10. Ọdún mẹ́ta gbáko ni ó wà láàrin méjèèjì. Ìrun márùn-ún ni ó wà ní ojúmọ́. Bí a bá ṣírò rẹ̀, iye ìgbà tí òbí yóò fi pe ọmọ rẹ̀ pẹ̀lú ẹnu dídùn pé ó yá, àkókò ìrun ti tó, lé ní 5,000, kí ọ̀rọ̀ nínà tó wáyé rárá. Bí ó bá sì wáyé, àwọn onímọ̀ ti ṣàlàyé pé kì í ṣe nínà ìbínú, kì í ṣe èyí tí ń dá ọgbẹ́ sí ara. Láti ọdún 7 sí ọdún 10, ibo ni ọmọ wà? Kíláàsì kejì sí kíláàsì karùn-ún ni. Ọdún tí Ànábì wa yà sọ́tọ̀ fún pípè pẹ̀lú sùúrù ni ọdún tí ọmọ wa ń lò lábẹ́ igi máńgòrò.

Báwo wá ni Ànábì ṣe ń kọ́ ọmọdé? Umar ọmọ Abu Salamah, ọmọdé kan tí ó dàgbà lábẹ́ ọwọ́ Ànábì nítorí pé Ànábì fẹ́ ìyá rẹ̀, sọ pé nígbà tí òun wà ní kékeré, bí òun bá ń jẹun, ọwọ́ òun a máa káàkiri inú àwo. Ànábì kò gbá a lọ́wọ́, kò sì lé e dìde. Ó pè é ní ọmọ, ó sì kọ́ ọ ní ohun mẹ́ta: kí ó dárúkọ Ọlọ́hun, kí ó fi ọwọ́ ọ̀tún jẹun, kí ó sì jẹ èyí tí ó wà níwájú rẹ̀. Ohun mẹ́ta péré, ní ìdí oúnjẹ, nígbà tí oúnjẹ wà lọ́wọ́ ọmọ. Umar sì jẹ́rìí pé láti ọjọ́ náà ni òun ti ń jẹun báyẹn. Èyí ni ìdánwò ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn: kì í ṣe ohun tí ọmọ lè kọ sílẹ̀ ní ìparí táàmù, bí kò ṣe ohun tí yóò ṣì máa ṣe nígbà tí ó bá di bàbá ọmọ.

Ní ọjọ́ kan, Hasan ọmọ-ọmọ Ànábì mú èso dàbínù kan nínú dàbínù sàká, ó fi sí ẹnu. Ànábì ní kí ó tu ú jáde, ṣùgbọ́n kò fi mọ bẹ́ẹ̀. Ó sọ ìdí rẹ̀ fún un, pé àwọn ará ilé Ànábì kì í jẹ nínú sàká. Ọmọdé ni Hasan, síbẹ̀ ó tó ẹni tí a ń ṣàlàyé fún. Mélòó nínú wa ni ó ń ṣàlàyé fún ọmọ? Bí ọmọ bá béèrè pé kí ló dé tí a fi ń dojú kọ gábàsì tí a bá ń kírun, a ó ní kí ó panu mọ́. Ọmọ tí a ń pa ìbéèrè mọ́ lẹ́nu nínú ilé yóò gbé ìbéèrè náà jáde lọ, yóò sì gba èsì lọ́wọ́ ẹni tí a kò mọ̀.

Mu'awiyah ọmọ al-Hakam náà sọ ìtàn ara rẹ̀. Ẹnìkan sín nínú ìrun, Mu'awiyah kò mọ̀ pé kò tọ́ láti sọ̀rọ̀, ó ṣàdúà fún ẹni náà ní ohùn òkè. Àwọn ènìyàn ranjú mọ́ ọn, wọ́n ń gbá itan láti pa á lẹ́nu mọ́. Nígbà tí ìrun parí, ó rò pé wàhálà dé. Ànábì kò bú u, kò nà án, kò sì kanra mọ́ ọn. Ó ṣàlàyé fún un pé ọ̀rọ̀ ènìyàn kò tọ́ nínú ìrun, àti pé àfọ̀mọ́, ìgbétóbi Ọlọ́hun àti kíka Àlùkùránì ni ó wà fún. Mu'awiyah jẹ́rìí pé òun kò rí olùkọ́ tí ó dára tó o rí, kò sí ṣáájú, kò sí lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹ̀yin ará wa, ó di dandan kí a sọ àṣìṣe tiwa lórí àga ìwáàsù yìí, nítorí pé ẹni tí ń kìlọ̀ fún ará ìlú kò gbọdọ̀ fi tirẹ̀ pamọ́. Lẹ́yìn tí a ti ilé-ẹ̀kọ́ náà dé, a gba àṣẹ lọ́wọ́ ọ̀gá wọn, a sì fi ọ̀dọ́mọkùnrin kan ránṣẹ́ láti máa kọ́ àwọn ọmọ. Ó mọ kéú dáadáa, ohùn rẹ̀ sì dùn. A kò bi í léèrè bóyá ó ti kọ́ ọmọdé rí. Ó mú pàṣán dání lọ, nítorí pé pẹ̀lú pàṣán ni àwọn ààfáà fi kọ́ òun náà. Bí ọmọ bá ṣi ọ̀rọ̀, ó nà án. Kò pé oṣù kan tí iye àwọn ọmọ inú kíláàsì náà bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù. Àwọn kan ń sọ pé ara wọn kò yá ní ọjọ́ ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn nìkan. Ọmọ kékeré kan, ọmọ ẹnìkan nínú wa nínú mọ́ṣáláṣí yìí, lọ bá ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́, ó bẹ̀ ẹ́ pé kí ó jẹ́ kí òun máa lọ sí kíláàsì kejì, nítorí pé olùkọ́ ibẹ̀ kì í na ènìyàn.

Ọ̀rọ̀ yìí gún wa ní ọkàn. Ọmọ náà kò kọ Ọlọ́hun. Ẹgba ni ó ń sá fún. Ṣùgbọ́n ọmọdé kò lè ya ẹgba sọ́tọ̀ kúrò lára ẹ̀sìn tí a fi ẹgba kọ́. Ẹ̀bi náà kì í ṣe ti ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn nìkan. Àwa tí a rán an níṣẹ́ tí a kò kọ́ ọ ní iṣẹ́ náà ni a ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. A pè é padà. Ó gba ìmọ̀ràn láìjanpata, kí Ọlọ́hun san án ní ẹ̀san rere. Ìyá kan nínú wa, tí ó ti ṣe iṣẹ́ olùkọ́ títí ó fi fẹ̀yìntì, mú un jókòó, ó kọ́ ọ bí a ti ń pín ẹ̀kọ́ sí wẹ́wẹ́, bí a ti ń jẹ́ kí ọmọ fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é, bí a ti ń yin ọmọ tí ó ṣe dáadáa, àti bí a ti ń tún ọmọ tí ó ṣì ṣe. Ó ti padà sí ilé-ẹ̀kọ́ náà. Kẹ́tù omi àti ẹní ni ó ń gbé lọ báyìí. Pàṣán ti kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá, ọmọkùnrin tí ó kọ́kọ́ fọ ẹsẹ̀ ni ó ṣáájú nínú fífi àlùwàlá han àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ó sì ṣe é pé.

A sọ ọ̀rọ̀ wa yìí, a sì ń tọrọ àforíjìn Ọlọ́hun fún ara wa àti fún yín. Ẹ tọrọ àforíjìn Rẹ̀, dájúdájú Òun ni Aláforíjìn, Aláàánú.

Kútúbà Kejì

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun ní ìbẹ̀rẹ̀ àti ní ìparí. Kí ìkẹ́ àti ọlà máa bá Ànábì wa Muhammad, àti ará ilé rẹ̀, àti àwọn sàhábà rẹ̀ lápapọ̀.

Ẹ̀yin ẹrúsìn Ọlọ́hun, àwọn onímọ̀ kọ́ wa pé ọ̀ranyàn pín sí ọ̀nà méjì. Ọ̀kan wà tí ó jẹ́ ti olúkúlùkù, bí ìrun àti ààwẹ̀. Òmíràn wà tí ó jẹ́ ti gbogbo ìlú: bí àwọn kan bá ṣe é, ó bọ́ lọ́rùn àwọn yòókù, bí kò bá sí ẹni tí ó ṣe é, gbogbo wa ni ó jẹ̀bi. Kíkọ́ àwọn ọmọ wa ní ẹ̀sìn ní ilé-ẹ̀kọ́ wà lára èyí kejì. Nítorí náà, kò sí ẹni tí ó lè jáde kúrò nínú mọ́ṣáláṣí yìí lónìí kí ó sọ pé ọ̀rọ̀ náà kò kan òun, títí a ó fi rí ẹni tí yóò dúró níwájú gbogbo kíláàsì tí ọmọ Mùsùlùmí wà.

Ẹ̀yin òbí, iṣẹ́ tiyín ni ó ṣáájú. Bí ẹ bá délé ní ìrọ̀lẹ́ yìí, ẹ gba ìwé ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn ọmọ yín kí ẹ ṣí i. Bí ẹ bá rí ẹ̀kọ́ nínú rẹ̀, ẹ ní kí ọmọ kọ́ yín ní ohun tí ó kọ́. Bí ó bá ṣófo, ẹ lọ bá ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ẹ gbé ọ̀rọ̀ náà dé ìpàdé ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́, kí ẹ sì jọ kọ̀wé béèrè olùkọ́ lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ tí ń mójú tó ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ẹ má ṣe lọ jà. Ẹ̀tọ́ yín ni, ẹni tí ó sì ń béèrè ẹ̀tọ́ rẹ̀ kò nílò èébú. Ṣùgbọ́n ẹ rántí ọmọbìnrin tí ó jí bá bàbá rẹ̀ lójú oorun. Ogójì ìṣẹ́jú lọ́sẹ̀ kò lè tún ohun tí ọjọ́ méje nínú ilé ń bàjẹ́ ṣe. Bí olùkọ́ bá kọ́ ọmọ pé irọ́ kò dára, tí a sì rán ọmọ náà kí ó lọ sọ fún ẹni tí a jẹ lówó pé a kò sí nílé, ẹ̀kọ́ ta ni ẹ rò pé yóò dì mú?

Ẹ mú ọmọ wá sí mọ́ṣáláṣí pẹ̀lú. Ànábì wa kírun pẹ̀lú ọmọ-ọmọ rẹ̀ obìnrin, Umamah, ní èjìká. Bí ó bá fẹ́ forí kanlẹ̀, a gbé e sílẹ̀, bí ó bá dìde, a tún gbé e. Bí ó bá gbọ́ igbe ọmọdé nínú ìrun, a máa mú ìrun náà yá nítorí ìyá rẹ̀. Ẹ̀yin àgbààgbà wa, ọmọ tí ẹ bá jágbe mọ́ lónìí nítorí pé ó rẹ́rìn-ín lórí ìlà ìrun, ẹ ó wá a tì lórí ìlà ìrun náà ní ogún ọdún òní.

Ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ wà láàrin wa, iṣẹ́ yín tóbi lọ́dọ̀ Ọlọ́hun. Ẹ má ṣe fi àkókò ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn ṣe àkókò tí ọmọ ń lọ pọnmi tàbí tí olùkọ́ ń sinmi. Ẹ kọ́ wọn ní díẹ̀ díẹ̀: súrà kúkúrú kan títí yóò fi dán mọ́rán lẹ́nu wọn, lẹ́yìn náà òmíràn. Ẹ kọ́ wọn ní àlùwàlá pẹ̀lú omi, ẹ kọ́ wọn ní ìrun lórí ẹní, ẹ kọ́ wọn ní òdodo nígbà ìdánwò. Kí ni àǹfààní kí ọmọ gba 100 nínú ìdánwò ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn, kí ó sì jẹ́ pé inú ìwé ẹnìkejì ni ó ti wò ó? Jundub, ọ̀kan nínú àwọn sàhábà tí ó bá Ànábì gbé nígbà èwe rẹ̀, sọ pé àwọn kọ́kọ́ kọ́ ìgbàgbọ́ kí àwọn tó kọ́ Àlùkùránì, nígbà tí àwọn sì wá kọ́ Àlùkùránì, ìgbàgbọ́ àwọn lé sí i. Ẹ jẹ́ kí ọmọ kọ́kọ́ mọ̀ pé Ọlọ́hun fẹ́ràn rẹ̀, pé Ọlọ́hun ni ó fún un ní ojú tí ó fi ń ríran àti ìyá tí ó ń gbé e pọ̀n, kí ẹ tó máa fi iná ọ̀run dẹ́rù bà á.

Ẹ sì kíyèsí ahọ́n yín níwájú ọmọdé. Nínú ọ̀pọ̀ agbo ilé ilẹ̀ Yorùbá, ẹ̀gbọ́n lè jẹ́ Mùsùlùmí kí àbúrò jẹ́ Kìrìsìtẹ́nì, ìyá kan náà ni ó sì bí wọn. Ọmọ tí ó jókòó níwájú yín lè ní ìyá àgbà tí kò kírun rí, tí ó sì jẹ́ pé òun ni ó ń ṣe oúnjẹ àárọ̀ fún un kí ó tó máa bọ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́. Ẹ kọ́ ọmọ ní ìmọ̀ Ọlọ́hun ọ̀kan ṣoṣo láìfi igbá kan bọ̀kan nínú, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe kọ́ ọ ní èébú. Ọlọ́hun ti kọ̀ fún wa nínú Àlùkùránì láti máa bú ohun tí ẹlòmíràn ń sìn. Nínú ìmọ̀ràn tí Luqman gba ọmọ rẹ̀, lẹ́yìn tí ó kọ̀ fún un láti dá orogún pọ̀ mọ́ Ọlọ́hun, ó kọ́ ọ ní ìrun, ó kọ́ ọ ní sùúrù, ó sì kìlọ̀ fún un kí ó má ṣe gbéra ga sí ènìyàn, kí ó sì rẹ ohùn rẹ̀ nílẹ̀. Láàrin ìmọ̀ràn náà ni Ọlọ́hun ti pàṣẹ pé kí ọmọ bá òbí tí kò sí nínú ẹ̀sìn rẹ̀ gbé pẹ̀lú dáadáa ní ayé yìí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò gbọdọ̀ tẹ̀lé wọn lọ síbi orogún. Ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn tí kò bá so èso ìwà, igi ìjókòó lásán ni.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí Ọlọ́hun fún ní ìmọ̀ kéú, ẹ má ṣe fi mọ sí wòlímọ̀ àti ìsìnkú. Ẹ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga àwọn olùkọ́ni, kí ẹ gba ìwé-ẹ̀rí NCE, èyí tí ètò ẹ̀kọ́ ilẹ̀ wa là kalẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìwé-ẹ̀rí tí ó kéré jù fún olùkọ́. Ìgbà náà ni ìjọba yóò lè gbà yín síṣẹ́, tí ẹ ó sì lè kọ́ àwọn ọmọ pẹ̀lú ọgbọ́n iṣẹ́ náà. Ìmọ̀ ẹ̀sìn jẹ́ ohun kan, mímọ bí a ti í fi yé ọmọ ọdún 7 jẹ́ ohun mìíràn. A nílò méjèèjì.

Ní ti mọ́ṣáláṣí yìí, a ti pinnu nínú ìgbìmọ̀ pé, láti ìbẹ̀rẹ̀ táàmù tí ń bọ̀, a ó máa yọ apá kan nínú owó àkójọ ọjọ́ Jímọ̀ àkọ́kọ́ nínú oṣù fún owó ọkọ̀ àwọn tí ó bá yọ̀ǹda ara wọn láti kọ́ni, àti fún ẹní, kẹ́tù àti ìwé fún àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tí ọ̀gá wọn bá gbà wá láyè. A ń wá àwọn olùkọ́ tí ó ti fẹ̀yìntì, lọ́kùnrin àti lóbìnrin, kí wọ́n wá kọ́ àwọn ọ̀dọ́ wa ní iṣẹ́ olùkọ́ kí a tó rán wọn lọ. Ẹni tí ó bá lè yọ̀ǹda ogójì ìṣẹ́jú lọ́sẹ̀, kí ó fi orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ akọ̀wé lẹ́yìn ìrun. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dórí.

Ìrèké tí a gbìn ni a ó jẹ, ẹ̀yin ará wa. Ànábì wa sọ fún wa pé bí ènìyàn bá kú, iṣẹ́ rẹ̀ dópin àyàfi nǹkan mẹ́ta: sààrà tí ń ṣàn lọ, ìmọ̀ tí ó ń ṣe ènìyàn láǹfààní, àti ọmọ rere tí ń ṣàdúà fún un. Ẹni tí ó bá kọ́ ọmọ kan ní àlùwàlá ti mú nínú ìmọ̀. Òbí tí ó bá sì tọ́ ọmọ náà ti mú nínú ọmọ rere. Ṣùgbọ́n àdúà wo ni a ń retí lẹ́yìn ikú wa láti ẹnu ọmọ tí a kò kọ́ bí a ti ń ṣe é?

Ọlọ́hun Ọba wa, ṣe àwọn ọmọ wa ní ìtutù ojú fún wa. Ọlọ́hun, fi ìmọ̀ tí ó ní àǹfààní ta wọ́n lọ́rẹ, fi ìwà rere ṣe wọ́n lọ́ṣọ̀ọ́, ṣọ́ wọn lójú ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́ àti lójú ọ̀nà ilé. Ọlọ́hun, kẹ́ àwọn olùkọ́ wa, èyí tí ó wà láyé àti èyí tí ó ti kú. San ẹ̀san rere fún ẹni tí ó kọ́ wa ní lẹ́tà àkọ́kọ́ lórí wàláà. Ọlọ́hun, forí jìn wá lórí àmánà tí a fọwọ́ yẹpẹrẹ mú, kí O sì fún wa ní agbára láti tún un ṣe kí ọjọ́ tó lọ. Fún ìlú wa ní àlàáfíà, fi ìfẹ́ sí àárín àwa àti àwọn aládùúgbò wa, kí O sì jẹ́ kí ìgbẹ̀yìn wa dára. Àmín.

Ẹ̀yin ẹrúsìn Ọlọ́hun, ẹ rántí Ọlọ́hun, ẹ dúpẹ́ fún ìdẹ̀ra Rẹ̀. Ẹ dìde sí ìrun yín, kí Ọlọ́hun kẹ́ wa.